Irinṣẹ́ Kàlẹ́ńdà Tí N Kò Fẹ́ Tètè Yàn

Ọ̀sán ni ìbéèrè náà dé, mo ń ṣa ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé mi. Ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ mi ló fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi láti Kánádà. Ó ní òun fẹ́ tún máa ṣe kàlẹ́ńdà tí èmi àti ìyá òun jọ ń ṣe láyé àtijọ́, pé gbogbo ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn, ṣùgbọ́n ohun kan kù tí òun fẹ́ kí n bá òun yàn, ìyẹn irinṣẹ́ tí yóò máa pe iṣẹ́ inú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ṣé kí òun fi í sílẹ̀ nínú Make tí a lò nígbà náà, àbí kí òun kó o lọ sínú Just, tí àwọn ẹgbẹ́ òun ń lò báyìí?

Nísàlẹ̀ pátápátá ló wá kọ ọ́ sí pé, "Mọ́mì ní Just ni."

Mo jókòó sórí àpótí, mo sì tún un kà. Ìyá rẹ̀ kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí a ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ọkọ mi ṣe kú, kò kí mi. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, gbogbo ènìyàn ló wá jẹun nílé mi, òun kò wá. Ní báyìí, ó rí ohun sọ. Kò béèrè bóyá ara mi le. Ó ní Just ni. N kò lè purọ́, àyà mi já bí ti ọmọge tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lójú pópó.

Ìjẹ̀ṣà ni mí. Ìwé ni mo wá kà ní Ilé-Ifẹ̀, iṣẹ́ sì dá mi dúró. Ẹ̀ka tí ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀rẹ́ mi yìí, ọmọ àdúgbò Ìlódè ní Ifẹ̀ ni, agboolé wọn kò jìnnà sí títì. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní yunifásítì kan náà. Ìyá rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà. Màmá náà ń ráhùn pé àwọn ọmọ òun tó wà lẹ́yìn odi kò mọ ọjọ́ ọjà mọ́, pé wọ́n á kàn wá sílé lọ́jọ́ tí kò sí nǹkan kan láti rà fún wọn. Ọ̀rẹ́ mi wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí, Kristẹni sì ni. Ó ní, "Ṣé ẹ̀rọ yín yìí lè ka ọjọ́ ọjà?"

Mo ní ó lè kà á. Ọjà ọlọ́rọọrún ni, nítorí náà mo kọ ọ́ sínú ètò pé kí ó máa fi ọjọ́ márùn-ún fò. Nígbà tí ó rí ohun tó jáde, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Ọmọ Ìjẹ̀ṣà! Ìwé ti pọ̀ jù lórí ẹ! Ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ wà nínú márùn-ún yẹn. Mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà ẹ máa fi fò."

Ojú tì mí. Ẹ̀yìn ìyá mi àgbà ni mo ti mọ bí a ṣe ń ka ọrún, kí n tó mọ ABD. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kíkà ti ilé ìwé ló bo ti ilé mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ìbáṣọ̀rẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń pe mí ní Ọmọ Ìjẹ̀ṣà bí ẹni ń bú mi, èmi náà á pè é ní Ọmọ Ìlódè bí ẹni ń san án padà.

Kàlẹ́ńdà náà kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ètò kan ń ka ọjọ́ ọjà, òmíràn ń kó ọjọ́ ọdún àwọn Kristẹni àti ti àwọn mùsùlùmí wọlé, òmíràn ń ya ojú ìwé oṣù kọ̀ọ̀kan, òmíràn sì ń dì wọ́n pọ̀ fún ilé ìtẹ̀wé ní Ilare. Àṣẹ la fi ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, a ó tẹ̀ ẹ́ sí ojú kọ̀ǹpútà dúdú tí kò ní àwòrán kankan. Bí èèyàn bá ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di dandan kó fo ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí irú irinṣẹ́ yìí fi wà. Èèyàn á kọ gbogbo iṣẹ́ náà sínú fáìlì kan, èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ kan péré ló máa tẹ̀, irinṣẹ́ á sì ṣe ìyókù.

Make ni mo yàn nígbà náà. Irinṣẹ́ àtijọ́ ni, ọlọ́gbọ́n sì ni. Kì í tún iṣẹ́ tó ti parí ṣe. Ó máa ń wo aago tó wà lára fáìlì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ kẹ́yìn. Bí ohun tí o kọ kò bá tuntun ju ojú ìwé tí wọ́n ti fi ṣe lọ, á fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀ rí á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn ń rá pálá, ojú ìwé kan lè gba àkókò tí èmi àti òun á fi pín àgbàdo sísun kan jẹ tán. Wọ́n á mú iná lọ nígbà tí a bá dé ojú ìwé oṣù kẹsàn-án. Bí wọ́n bá mú un dé, a ó tẹ ọ̀rọ̀ kan yẹn, Make á sì bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án, kò ní fọwọ́ kan àwọn tó ti ṣe.

Ọ̀rẹ́ mi kò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Make kì í gba kí èèyàn fi àlàfo lásán bẹ̀rẹ̀ ìlà àṣẹ, bọ́tìnnì kan pàtó ni ó gbọ́dọ̀ tẹ̀. Bí àlàfo méjèèjì ṣe jọra lójú tó, Make á ní òun kò gbà.

"Irinṣẹ́ wo ló ń bá èèyàn jà nítorí òfìfo?" ó máa ń wí bẹ́ẹ̀, á sì máa bú u bí ọmọ ọ̀dọ̀.

"Ìwọ ni o kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

"Mo tẹ̀ ẹ́. Ìjẹ̀ṣà ló kọ ọ́, ìdí tó fi le nìyẹn."

Kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà ló kọ ọ́, ó sì mọ̀. Títí di òní, bí mo bá rí àgbàdo sísun lójú ọ̀nà Mọ̀ọ́rẹ̀, ẹsẹ̀ mi á fẹ́ dúró. N kì í rà á. Eyín mi kò gbà á mọ́, ẹni tí a sì ń pín in jẹ kò sí.

Ó kàn mí wàyí láti sọ̀rọ̀ ọ̀gá wa, olórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ kàlẹ́ńdà wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ti kú, wọ́n sì ní kí a má sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Èmi kò sí lára àwọn tó fọwọ́ sí i. Ọkùnrin yẹn kò tẹ àṣẹ kan ṣoṣo sínú iṣẹ́ kàlẹ́ńdà wa rí. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá dé, á ní, "Ẹ wo kàlẹ́ńdà mi." Orúkọ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ ojú ìwé kìíní, lẹ́tà gàgàrà. Orúkọ tiwa kò sí níbì kankan. Níbi ìsìnkú rẹ̀, ẹnìkan dìde, ó ní ọ̀gá ló kọ́kọ́ fi ọjọ́ ọjà Ifẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìlà ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, n kò pàtẹ́wọ́, n kò sì jẹ ìrẹsì wọn.

Èyí kọ́ ni mo bínú sí jù. Èyí tí mo bínú sí ni ohun tó ṣe lọ́dún tí kàlẹ́ńdà ní àṣìṣe.

Bátìrì kékeré tí ń bá kọ̀ǹpútà rántí aago ti kú sínú ẹ̀rọ tí a ń lò. Bí iná bá ti lọ tó sì padà dé, aago rẹ̀ á sá padà sí ọdún tó ti kọjá tipẹ́, títí ẹnìkan á fi tún un ṣe. Mo ti sọ fún ọ̀gá kí ó ra bátìrì náà. Ó ní ohun tí kọ̀ǹpútà ń rántí kò kan òun. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ sí Iléṣà, ọ̀rẹ́ mi rí i pé ọjọ́ ọjà oṣù kẹwàá kò tọ̀nà. Ó tún un kọ. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ó tẹ ọ̀rọ̀ kan náà tí a máa ń tẹ̀. Make wo aago, ó rí i pé ohun tí obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ dà bí ohun tí wọ́n ti kọ láti ọdún pípẹ́, ojú ìwé àtijọ́ sì dà bí tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní kò sí iṣẹ́ kankan láti ṣe. Ọ̀rẹ́ mi rò pé iṣẹ́ ti parí ni, ó fi í ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé.

Wọ́n fi kàlẹ́ńdà náà kọ́ ògiri ní Ìlódè, ní Ìrémọ, ní Ilare. Nígbà tí oṣù kẹwàá dé, àwọn obìnrin gbé iṣu wá láti oko lọ́jọ́ tí ọjà ṣófo. Ẹ̀gàn náà dé etí àwọn aláṣẹ yunifásítì, ọ̀gá sì ní iṣẹ́ àwọn obìnrin méjì ni, òun kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ó pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ló kọ́kọ́ pè. Ó ní ọ̀rẹ́ mi sọ pé èmi ni mo fi ojú ìwé àtijọ́ ránṣẹ́. Mo ní, "Irọ́ ni, sà. Kò lè sọ bẹ́ẹ̀." Mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ló pe òun, ó sọ fún un pé èmi ni mo ní kò ṣe àtúnṣe kankan. Ọ̀rẹ́ mi kò sọ pé irọ́ ni. Ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ bàtà.

"Ṣé mo ṣe àtúnṣe yẹn àbí mi ò ṣe é?"

"O ṣe é. Mo rí i nínú fáìlì."

"Kí ló dé tí o wá sọ fún ọ̀gá pé mi ò ṣe é?"

"Ta ló ní mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀gá ló sọ. Kí ni ọ̀gá máa fi irọ́ ṣe?"

"Èmi ńkọ́? Kí ni èmi máa fi í ṣe?"

Ó ní, "Mi ò mọ̀. Èmi náà ló ń yà lẹ́nu." Ó sì lọ.

Nígbà tí mo rí i pé aago ló fà á, mo gbé e lọ bá ọ̀gá. Ó ní, "Mádàámú, kàlẹ́ńdà lásán ni." Mo ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ mi kí n lè ṣàlàyé fún un, kò wá. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Kánádà láti bá a tọ́ ọmọ. Ọ̀gá purọ́, irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òun mọ̀ mí. Òun tó mọ̀ mí ló gbà á gbọ́. Èyí ni n kò tíì rí ibi gbé kà.

Nítorí náà nígbà tí ìbéèrè ọmọ rẹ̀ dé, mo dáhùn pé Make ni. Mo kọ ìdí rẹ̀ gígùn: kì í tún iṣẹ́ ṣe, ó sì ti wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń lo irú ètò tiwa, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ gbà á sílẹ̀. Ọmọ náà fi ohùn dáhùn lọ́jọ́ kejì.

"Àǹtí, ẹ káàsán o. Mọ́mì ní kí n sọ fún yín pé Make gba aago gbọ́ ju èèyàn lọ."

Nítorí náà, ó ti mọ̀ pé aago ni. Láti ìgbà wo? Ta ló sọ fún un? N kò lè bi ọmọ náà. Ó ti mọ̀ pé n kò parọ́ mọ́ òun, ó sì jókòó sí Kánádà, ó pa ẹnu mọ́. Mo gbé omi kaná, mo gbàgbé rẹ̀ títí ó fi gbẹ.

Mo ránṣẹ́ padà pé aago kọ̀ǹpútà òde òní ń tún ara rẹ̀ ṣe láti orí nẹ́tíwọ̀kì.

"Mọ́mì ní nẹ́tíwọ̀kì wo? Ti Ifẹ̀?"

Mo ní Just máa ń ṣe gbogbo iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ní gbogbo ìgbà tí èèyàn bá pè é, bí ẹni tó tún ilé tó mọ́ gbá.

"Mọ́mì ní ó sàn kí èèyàn gbá ilé tó mọ́, ju kó ní ó mọ́ kí ìdọ̀tí wà níbẹ̀."

Mo gbọ́ ìkòkò tó ń dún lẹ́yìn ohùn ọmọ náà, mo sì gbọ́ ẹnìkan tó wúkọ́. Mo tún ohùn yẹn gbọ́ kí n tó dáná alẹ́, mo tún un gbọ́ lẹ́yìn tí mo jẹun tán.

N óò sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà fún yín. Mo ti gba Just sórí kọ̀ǹpútà mi láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo sì ti kó iṣẹ́ kàlẹ́ńdà sínú rẹ̀ láti dán an wò. Ó dára. Bí èèyàn bá bi í léèrè, á to gbogbo iṣẹ́ inú fáìlì sílẹ̀ pẹ̀lú àlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan, àlejò kò ní ṣì í. Kò bá mi jà nítorí àlàfo tí mo bá fi bẹ̀rẹ̀ ìlà. Ẹ̀rọ òde òní sì yá débi pé, bí ó tilẹ̀ tún oṣù méjèèjìlá ṣe, n kò tíì gbé ife omi kalẹ̀ tó ti parí. Ohun tí mo fẹ́ràn Make sí kò níṣẹ́ mọ́. Fún kàlẹ́ńdà kékeré wa, Just ló tọ́. Mo mọ̀ ọ́n, n kò sì sọ ọ́.

Bí mo bá sọ ọ́, kí ni ọmọ náà tún máa wá bi mí? Bí a bá ti yàn tán, ọ̀rọ̀ tán. Nítorí náà ni mo ṣe ń wá àléébù kiri. Nígbà tí àléébù tán, mo dábàá irinṣẹ́ kẹta tí n kò fẹ́ràn rárá, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti ìlà kan sọ́tùn-ún díẹ̀ báyìí, gbogbo rẹ̀ á dàrú.

"Àǹtí, Mọ́mì rẹ́rìn-ín."

"Báwo ló ṣe rẹ́rìn-ín?"

"Ó kàn rẹ́rìn-ín ni, Àǹtí."

"Ṣé ó pẹ́ kó tó dákẹ́?"

"Ẹ̀ẹ́... ó pẹ́ díẹ̀."

Báyìí la ṣe wà títí sùúrù ọmọ náà fi tán. Ó ní ìsinmi òun lẹ́nu iṣẹ́ ti ń parí lọ, pé bí òun kò bá bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, ó di ìgbà mìíràn. "Àǹtí, ẹ dákun. Èyí tí ẹ bá ti mú, òun la máa lò. Kódà bí Mọ́mì bá bínú."

Lọ́jọ́ yẹn mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlódè. N kò ní ẹni tí mo fẹ́ kí níbẹ̀. Mo rìn kọjá níwájú agboolé wọn. Wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù kọ́ iwájú rẹ̀, wọ́n ń ta ọṣẹ àti káàdì ìpè níbi tí ìyá rẹ̀ ti máa ń tẹ́ ẹní. Obìnrin tó wà ní ìsọ̀ náà kí mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ mà, kí lẹ fẹ́ rà?" Mo ní n kò fẹ́ ra nǹkan kan. Ó wò mí bí ẹni tó ṣìnà. Ká ní ó béèrè ẹni tí mo ń wá ni, bóyá ǹ bá sọ fún un.

Nígbà tí mo délé, mo kọ ọ́ pé, "Just ni. Sọ fún Mọ́mì rẹ pé ó borí."

Ọmọ náà dúpẹ́ kíákíá. Ó fi àwòrán ọwọ́ tí ń gbàdúrà ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn lọ. Ohun tí ń wọlé sórí fóònù mi ni ìkéde ìjọ àti àwọn tí ń ta oògùn ẹ̀yìn ríro. Mo bínú sí ara mi pé mo jẹ́ kó borí lọ́fẹ̀ẹ́. Mo tún bínú sí i pé ó gbà á bẹ́ẹ̀, tí kò dúpẹ́, tí kò fi mí ṣẹ̀sín pàápàá.

Ọjọ́ Àìkú kan ni ohùn kan wọlé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, gèlè ṣì wà lórí mi. Ọmọ náà ló bẹ̀rẹ̀: "Àǹtí, ẹ má bínú, Mọ́mì ní..." Ariwo dé, bí ìgbà tí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ èèyàn. Ohùn tó tẹ̀ lé e ti há, ó ti di ti arúgbó, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dà á pọ̀ mọ́ ti gbogbo ayé, n óò yọ ọ́ jáde.

"Ìwọ obìnrin yìí. Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń gbà fún èèyàn? Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ẹ́, o ò gbà fún mi rí. Irọ́ lò ń pa. O ò fẹ́ Just, o kàn fẹ́ kí á fi ẹ́ sílẹ̀. Sọ ìdí tó o fi gbà, ní tòótọ́. Bí o ò bá sọ ọ́, a ò lò ó o. Make rádaràda yẹn náà la máa lò."

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà lẹ ní Just!"

"Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Èmi àti ẹ̀ là ń sọ̀rọ̀."

Ibẹ̀ ló parí sí. Kò dárúkọ ọ̀gá. Kò sọ̀rọ̀ oṣù kẹwàá. Kò ní kí n má bínú, n kò sì tíì dárí jì í, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò bẹ́ẹ̀. Mo tú gèlè mi, mo mu omi, mo tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀. Mo ti kó gbogbo ìdí náà sórí ahọ́n, láti orí bí Just ṣe ń to iṣẹ́ sílẹ̀ títí dé orí bí ẹ̀rọ òde òní ṣe yá tó. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ì bá gbà láti sọ gbogbo rẹ̀ tán.

"Ìdí mi pọ̀," mo sọ fún un. "Ọ̀kan ni mo máa sọ fún ẹ lónìí."